Ilé Àpatì àti Ilé Hẹ́gẹhẹ̀gẹ ní Ìlú Èkó: Àyẹ̀wò Ọwọ́ tí Ìjọba fi ń Mú Wọn, pẹ̀lú Àfiyèsí lórí Àjàó Estate

Àṣamọ̀

Ilé tí onílé kò tọ́jú mọ́ kì í ṣe ìṣòro onílé nìkan. Ó kan ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀, ó kan aládùúgbò, ó sì kan ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí ìjọba ń gbà kápá irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú Èkó. A wo ojú tí Yorùbá fi ń wo ilé ahoro, a tọpa ìtàn ọ̀rọ̀ náà láti ayé wolé-wolé títí dé orí òfin ọdún 2010, a sì fi Àjàó Estate ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí a rí ni pé ọwọ́ ìjọba yá láti sàmì sí ara ògiri ju kí ó yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ni ògiri lọ. Àlàfo tí ó wà láàárín àmì àti ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀mí ti ń ṣòfò.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé olókè kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà nínú ilé náà, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì nígbà tí ó wó. Ènìyàn 20 ni ìjọba kéde pé ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ọmọdé wà lára wọn. Ohun tí ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ lẹ́yìn náà, pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni ó yẹ ẹ́. Àmì ti wà lára ògiri, àwọn ọmọ sì wà lábẹ́ òrùlé.

Ìbéèrè tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbé dìde ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Bí ìjọba bá ti mọ̀ pé ilé kan kò dára mọ́, kí ni ó dè é lọ́wọ́? Kí ni òfin sọ? Ta ni òfin fún ní agbára? Kí sì ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tí ó ni ilé náà ní gbogbo àkókò tí àmì fi wà lára ògiri? A mú Àjàó Estate ní àpẹẹrẹ nítorí pé kò jọ Ìta Fájì. Àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò fi owó ara wọn kọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ bí a bá ń ka àwọn àdúgbò tí ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé a máa gbó bí ènìyàn. Àdúgbò tí ara rẹ̀ ṣì le ni ó sì yẹ kí á tètè ṣe ìtọ́jú rẹ̀, nítorí àrùn ni à ń rí wò, ẹnì kan kì í wo ikú.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ilé ahoro ni ilé tí a ti gbé rí, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ilé àpatì ni ilé tí onílé bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, tàbí tí ó parí tí ó sì pa á tì. Ògiri lè dúró, kí fèrèsé má sí, kí koríko sì ti bo iwájú rẹ̀. Ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ ní tirẹ̀ ni ilé tí ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ògiri rẹ̀ ti là, tí irin inú òpó ti yọ síta, tí òrùlé sì ti ń jò.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé oògùn wọn kò dọ́gba. Ilé ahoro ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Ilé àpatì ń fẹ́ owó tàbí onílé tuntun. Ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ ń fẹ́ kí á kọ́kọ́ kó ènìyàn jáde kí á tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ìjọba tí ó bá fi oògùn kan ṣoṣo wo àrùn mẹ́ta yóò pa aláìsàn méjì, bí ó tilẹ̀ wo ẹnì kan sàn.

Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ilé ahoro láyé àtijọ́. Amọ̀ ni ògiri, koríko tàbí ewé sì ni òrùlé; àwọn méjèèjì ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè. Baálé ni ó máa ń ṣe kòkárí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀ jù fún agbo ilé, wọn a bẹ ọ̀wẹ̀. Àna, ọ̀rẹ́ àti ìbátan a jáde wá, onílé a sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí ilé kan ń wó tí kò sí ẹni tí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Èyí ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi máa ń wí pé baálé ilé kú, ilé di ahoro. Òwe náà kò sọ pé amọ̀ ni kò dára. Ó ní kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ pé kí á rẹ́ ẹ mọ́. Bí a ó ti rí i níwájú, òwe yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́.

Láti ayé wolé-wolé dé àkókò wa

Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ baálé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ó ń wọ ilé onílé láti yẹ àmù omi, ṣáláńgá àti ẹ̀yìnkùlé wò ni àwọn ènìyàn sọ ní wolé-wolé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba rí i pé wíwolé nìkan kò tó. Ní ọdún 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó àtúntò ìlú Èkó sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LEDB. Láti ìgbà náà ni èrò pé kí á wó àdúgbò tí kò dára kí á sì tún un tò ti wọ inú ìṣèjọba ní Èkó.

Iṣẹ́ tí LEDB dáwọ́ lé ní ọdún 1955 ni ó lókìkí jù. Wọ́n fẹ́ wó ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 láàárín Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò. Onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹbí wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí yẹ ní kíkà fún gbogbo aláṣẹ. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Owó ọkọ̀ jẹ èrè rẹ̀. Àwọn ẹbí tí ó ń ran ara wọn lọ́wọ́ sì di ẹni tí ó jìnnà síra. Ìjọba wó ilé tí kò dára, ó sì ba àjọṣe tí ó dára jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀kọ́ yìí kò wọ aláṣẹ létí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba wó Màrókò, àwọn tí ó sì di aláìnílé tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n wó apá kan ní Badia East. Oríṣìí ìgbésẹ̀ mìíràn tún wà láàárín. Àwọn àdúgbò 42 ni a ti kà sí èyí tí ó bàjẹ́ jù ní Èkó láti àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó dọ́là mílíọ̀nù 200 fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè Èkó, èyí tí títún àdúgbò mẹ́sàn-án ṣe wà lára rẹ̀. Agége, Ajégúnlẹ̀, Mákòókò àti Bàrígà wà nínú wọn. Ojú ọ̀nà, gọ́tà, omi àti ilé-ìwé ni ètò náà gbájú mọ́, kì í ṣe wíwó.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ìjọba Èkó ti ń tọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá: wíwó àti títúnṣe. Ọ̀nà méjèèjì ń wo àdúgbò lápapọ̀. Èyí tí ó ṣòro jù, tí ó sì kan Àjàó Estate, ni ilé ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́ láàárín àwọn ilé tí ó dára.

Òfin àti àwọn tí ó ń mú un ṣẹ

Èkó kò ní ìjọba ìlú kan ṣoṣo tí gbogbo agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ díẹ̀, bíi kíkó ìdọ̀tí, fífún ilé ní nọ́ńbà àti dídíye lé ilé aládàáni fún owó orí. Ní ti ètò ìlú àti ilé kíkọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pe Ìjọba Àpapọ̀, pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ìyẹn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Gómìnà lè gba ilẹ̀ padà bí ó bá jẹ́ fún ànfààní gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san owó ilé àti ohun mìíràn tí onílé ti ṣe sórí rẹ̀.

Òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2010 ni a ń lò, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí ó ti bá a. Òfin náà pín iṣẹ́ láàárín àjọ mẹ́ta. LASPPPA ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ kí á tó kọ́lé. LASBCA ni ó ń yẹ ilé wò nígbà tí a bá ń kọ́ ọ àti lẹ́yìn tí a bá kọ́ ọ tán. Òun ni ó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé yẹ fún gbígbé, òun náà sì ni ó ń sàmì sí èyí tí kò yẹ. LASURA ni ó ń rí sí títún àdúgbò tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Òfin náà tún ní ìgbìmọ̀ tí onílé lè pẹ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí. Bí ilé bá sì wó nítorí àìbìkítà onílé, ìjọba lè gba ohun ìní náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí.

Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, òfin kò kù díẹ̀ káàtó. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí òfin ti wọ òpópónà.

Àjàó Estate gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ni Àjàó Estate wà. Nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó tuntun pápákọ̀ náà ní ọdún 1979, ilẹ̀ agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lé. Orúkọ Estate lè mú ni rò pé ìjọba ni ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ni ó ra ilẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ilé wọn, kálukú bí agbára rẹ̀ ti mọ. Nítorí ìdí èyí, kò sí onílé kan ṣoṣo tí a lè mú ní gbèsè ìtọ́jú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ni ọ̀nà, gọ́tà, iná mọ̀nàmọ́ná àti ẹgbẹ́ onílé.

Ẹni tí ó bá rìn láti òpópónà Asa-Afariogun wọ inú àwọn ọ̀nà kéékèèké yóò rí oríṣìí ilé mẹ́ta tí a kà sókè. Yóò rí ilé tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Yóò rí ìpìlẹ̀ tí igi ti hù láàárín rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ti ń da ìdọ̀tí sí. Yóò rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì ti fi pákó pín yàrá òkè sí wẹ́wẹ́ fún ayálégbé. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó léwu jù, nítorí pé ó ń mówó wọlé. Ẹni tí ó ń gba owó náà kò fẹ́ kí á tì í, ẹni tí ó ń san owó náà kò sì rí ibòmíràn tí apá rẹ̀ ká.

Ìdí tí ilé fi ń di àpatì

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ya àwòrán ilé kan, kí àlàyé wa lè yé ni. Baba kan kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí irú àdúgbò yìí ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje. Baba kú láìkọ ìwé ìhágún. Ọmọ mẹ́ta wà ní òkè òkun, méjì wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan ń gbé inú ilé náà, ọ̀kan sì ti kú, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ta ni yóò tún òrùlé ṣe?

Lábẹ́ àṣà, ilé baba ti di ilé ẹbí. Ẹnì kan nínú wọn kò lè dá a tà; olórí ẹbí náà kò lè dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, ìbéèrè tí ó délẹ̀ ni bóyá ìdí igi ni wọn yóò fi pín in tàbí orí ò jorí. Bí ìdí igi bá ni, ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gba ìpín kan, iye ọmọ yòówù kí ó wà nídìí igi náà. Bí orí ò jorí bá ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ẹbí Dáwódù ti Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìdájọ́ sì wáyé ní ọdún 1962 pé ìdí igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdájọ́ wà, síbẹ̀ ìjà kò tán nínú ilé.

Ní gbogbo àkókò tí ẹbí fi ń jiyàn, òjò ń rọ̀. Ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe ń bẹ̀rù pé àwọn yòókù yóò wí pé ó fẹ́ jogún nìkan. Ẹni tí kò bá sì ṣe nǹkan kan kò pàdánù ohunkóhun lójú ara rẹ̀. Báyìí ni ilé tí ó ní onílé méje ṣe di ilé tí kò ní onílé. Òwe baálé ilé kú, ilé di ahoro kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà. Owó sìmẹ́ǹtì àti irin ń gòkè ju owó oṣù lọ. Àwọn mìíràn ra ilẹ̀, wọ́n dá ìpìlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́ kí ó lè lówó lórí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìjọba fúnra rẹ̀ ń pa ilé tì. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ilé Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó di ahoro. Ọ́fíìsì ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí, tí wọ́n tà ní ọdún 2006, dúró gbọn-in láìsí ẹni tí ó lò ó fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí àríyànjiyàn láàárín ìpínlẹ̀ àti àwọn tí ó rà á. Ẹni tí ilé tirẹ̀ ń jò kò lè fi ìgboyà bá aládùúgbò rẹ̀ wí.

Láti orí àmì dé orí wíwó

Bí ìròyìn ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan bá dé etí LASBCA, òṣìṣẹ́ a lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí ewu, yóò lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri. Wọ́n lè ní kí onílé gbé ilé náà fún àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń dán ohun èlò ilé wò; ẹ̀rọ wà tí ó lè sọ bí agbára òpó ṣe tó láìba òpó náà jẹ́. Èsì àyẹ̀wò ni yóò sọ bóyá kí á fi irin àti kọnkéré ràn án lọ́wọ́ tàbí kí á wó o. Bí ó bá jẹ́ wíwó, àwọn ayálégbé yóò jáde, wọn yóò ti ilé pa, onílé yóò sì wó o. Bí onílé bá kọ̀, ìjọba yóò wó o, yóò sì ka owó iṣẹ́ náà sí i lọ́rùn.

Ibi mẹ́rin ni okùn ti ń já nínú ètò yìí. Àkọ́kọ́, ìwé ìkìlọ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò gbà á. Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ ta ni ìwé yóò lọ? Èkejì, ẹni tí ó gbà á kò ní owó àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹta, ayálégbé ti san owó ilé ọdún kan sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà fún un. Ẹ̀kẹrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà lára ògiri. Ìyá tí ó ń se àgbo nísàlẹ̀ ilé lè rí ọ̀dà pupa lójoojúmọ́ láìmọ̀ bóyá owó orí ni wọ́n ń bèèrè tàbí ẹ̀mí rẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ọ̀dà tuntun bo àmì náà mọ́lẹ̀, ayálégbé tuntun a sì kó wọlé.

Ẹ̀kọ́ láti ìlú mìíràn

Ìṣòro yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, tí ìjọba rẹ̀ wọ gbèsè débi pé ó lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2013 pé òun kò lè san gbèsè mọ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ahoro. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, tí ó ń wó èyí tí kò ṣeé tún ṣe, tí ó sì ń ta èyí tí ó ṣeé tún ṣe fún ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Aládùúgbò lè ra ilẹ̀ ṣíṣófo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní 100 dọ́là. Bí onílé bá pa ilé tì, àjọ náà lè pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un ní ànfààní láti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò tún un ṣe láàárín oṣù díẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1990 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti ní kí onílé tún ibi tí ó ń ba ojú àdúgbò jẹ́ ṣe. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 2004 tún fún wọn láṣẹ láti gba àkóso ilé tí ó ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fi ènìyàn sí i, kí wọ́n sì fi owó ilé san owó àtúnṣe. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé ilé náà ṣì jẹ́ ti onílé. Ìtọ́jú rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni wọ́n sì ti lè fi kún owó orí ilé tí ó bá ṣófo pẹ́.

A kò wí pé kí á gbé ètò wọn wá bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlú wọ̀nyẹn ní ìwé tí ó fi onílé kọ̀ọ̀kan hàn. Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ilé Detroit ṣófo nítorí pé ènìyàn kò tó. Tiwa kún jù. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí ó bá tiwa mu: kí ìgbésẹ̀ pọ̀ láàárín ìkìlọ̀ àti wíwó.

Ilé tí kò yẹ ní wíwó

Kì í ṣe gbogbo ilé tí ó gbó ni ó yẹ kí ó kú. Ní ìdí Tinúbú Square ní Èkó ni ilé kan wà tí a mọ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar, èyí tí a kọ́ ní ìlànà àwọn tí ó ti Brazil padà wá ní ayé àtijọ́. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Òfin ti dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìkéde náà kò bá owó ìtọ́jú wá. Bí òfin bá ní kí á má wó ilé tí kò sì sọ ẹni tí yóò tún un ṣe, ilé náà yóò wó fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n wó o lóru.

Ẹ jẹ́ kí á wo òdìkejì rẹ̀. Cocoa House ní Ìbàdàn, tí a parí ní ọdún 1965, jóná ní ọdún 1985. Ó lè di ahoro láàárín Dùgbẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó ni ín, tí ó ní owó, tí ó sì lè pàṣẹ. Wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1992. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé méjèèjì kì í ṣe ti òfin tàbí ti ọjọ́ orí. Ẹni tí ó lè sọ pé èmi ni n ó tún un ṣe ni ọ̀kan ní tí èkejì kò ní.

Àbá

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí, a mú àbá márùn-ún wá. Èkíní, kí ìjọba ṣe é ní dandan pé kí ilé ẹbí kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Kò túmọ̀ sí pé òun ni ó jogún. Ojúṣe baálé ni ó gbà, kí ìwé ìkìlọ̀ lè ní ẹni tí yóò gbà á. Èkejì, kí òfin fún ìjọba láṣẹ láti tún ilé ẹbí tí ó wà nínú ìjà ṣe, kí ó gba owó rẹ̀ padà láti inú owó ilé, kí ó sì dá ilé padà. Ẹ̀kẹta, kí owó orí ilé tí òfin ọdún 2001 dá sílẹ̀ ní Èkó di ohun èlò: kí ó fúyẹ́ fún ẹni tí ó bá ń tún ilé rẹ̀ ṣe, kí ó sì wúwo fún ẹni tí ó pa ilẹ̀ tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má lé ayálégbé jáde láìsí ètò. Owó tí ó ti san sílẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ gbèsè àkọ́kọ́ tí a ó san lórí ilẹ̀ náà.

Ẹ̀karùn-ún kan àwa olùkọ́ èdè gan-an. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 láti gbé èdè Yorùbá ró. Kí ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilé wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì sọ ohun mẹ́ta ní kedere: ewu tí ó wà, ọjọ́ tí ó yẹ kí á jáde, àti ibi tí a lè lọ bí a bá ní àròyé. Iṣẹ́ wa ni láti pèsè ọ̀rọ̀ tí yóò yé ìyá alágbo bí ó ti yé agbẹjọ́rò. Ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ilé àpatì àti ilé ahoro ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kò sí ìdí tí a fi ń wá òmíràn.

Ìkádìí

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ìjọba ní Èkó kò ṣàìní òfin, kò sì ṣàìní àjọ. Láti ọdún 1928 ni ó ti mọ bí a ṣe ń wó ilé. Ohun tí kò tíì mọ̀ dáadáa ni bí a ṣe ń bá ẹbí tí ó ni ilé sọ̀rọ̀ kí ó tó di pé ilé náà ń fẹ́ wíwó. Àjàó Estate àti àwọn àdúgbò bí i tirẹ̀ ṣì ní àkókò. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ṣì lágbára, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ wọn ti ń darúgbó, àwọn mìíràn sì ti lọ. Láàárín ikú bàbá àti ìpín ogún ni ilé ti ń bàjẹ́. Ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí òfin kọ́kọ́ dé, kí ọ̀dà pupa tó dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibi wọ̀.